Mọ́tò Àlàájì Tó Ń Kú, Tó Sì Ń Jí

Ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀ pé fáànù yín á dúró, mo sì mọ̀ pé fóònù yín ò tíì kún. Ẹ fara dà á díẹ̀. Ariwo yẹn kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́, àgbà tí kò bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀ kó tó dé ẹnu, ìsọkúsọ ni yóò máa sọ.

Ẹ gbọ́ bí gbogbo ilé ṣe pa rọ́rọ́? Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. Nílé tí wọ́n ti bí mi, lántánà ni bàbá mi ń ṣe, òkúta pupa tí wọ́n máa ń gbẹ́, tí wọ́n máa ń lọ̀ títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó. Ìró òkúta lórí òkúta ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbé mi wọlé ọkọ níbí, lẹ́yìn Ọjà-Ọba, ìró òfì ló gbà mí lálejò: kẹ́kẹ́-kẹ̀, kẹ́kẹ́-kẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ọkùnrin ilé jókòó tì í, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ iléékéú ń ké wàláà wọn lójúde. Àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri wàrà. Lónìí, ibi tí òfì wà nígbà náà, ibẹ̀ lẹ gbé táǹkì omi sí. Mi ò bá yín jà, omi dára. Ohun tó kàn ń dà mí láàmú ni pé mi ò rántí ọjọ́ tí òfì ìkẹyìn dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò wá sọ fún wa pé, "Ó parí o." Mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni, mo rí i pé mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe lọ lójú wa. A wà níbẹ̀, a ò sì mọ ìgbà tó lọ.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò aláwọ̀ ewé tó wà lójúde yẹn ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ẹ máa ń jókòó lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ẹ ń tẹ fóònù. Bàbá àgbà yín, Àlàájì, ló rà á nígbà tí òwò aṣọ òfì ṣì dára. Kò rà á ní tuntun, ẹlòmíràn ti lò ó kó tó tà á fún un. Ṣùgbọ́n lójú wa, bí ẹni pé láti ọ̀run ni wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀ ni. Àwọn Alfa ṣe àdúà sí i, a dín másà, a pín wàrà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fi ìka kọ orúkọ sí eruku ara rẹ̀. Àlàájì wà á wọlé, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Bísímílàhì, mọ́tò mi dé." Bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí ẹní rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́tò ta?"

Lóòótọ́, kò pẹ́ tó fi di mọ́tò agboolé. Ẹni tó bá ń rọbí, kì í ṣe ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń wá kọ́kọ́rọ́, gbogbo wa ni. Òun ló ń gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, òun ló ń gbé ìyàwó wọlé wá bá wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ti Mẹ́kà dé, òun là ń gbé lọ pàdé rẹ̀. Àwa obìnrin á rún ara wa pọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, a ó máa kọ wákà títí ohùn wa yóò fi há. Bí kò bá sì ṣíná láàárọ̀, títì ló kù. Títì mọ́tò, iṣẹ́ òwúrọ̀ ni nílé yìí, bíi ilẹ̀ gbígbá. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá á gbé bùtá rẹ̀ sílẹ̀, ahunṣọ á dìde nídìí òfì, aládùúgbò tó ń kọjá lọ á ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, gbogbo wa á tì í dé ẹsẹ̀ ọ̀nà. Bó bá ti sọ pé "pàù!" báyìí, a ó hó yèè. Ẹ̀yin, bí mọ́tò yín bá dúró lónìí, inú rẹ̀ lẹ ó jókòó sí, ẹ ó ti gíláàsì, ẹ ó máa pe ẹnìkan tí kò sí nítòsí.

Ó mú wa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Lọ́dún kan, ọjọ́ Iléyá ku ọ̀la, Àlàájì gbé àgbò ńlá kan sẹ́yìn mọ́tò láti ọjà, ó sì gbàgbé pé láwàní tuntun tí òun fẹ́ wé lọ sí yídì wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Láti ọjà títí dé ilé, àgbò ò ké, kò tàpá. Àlàájì ń yìn ín, ó ní àgbò yìí ní ìwà, ó jọ àgbò ilé Alfa. Ìgbà tí a ṣí ẹ̀yìn mọ́tò la rí i pé iṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó kù lára láwàní kò tó ìgbànú. Fìlà ni Àlàájì dé lọ sí yídì. Nígbà tí wọ́n sì gbé ẹran náà sórí oúnjẹ fún un, ó ní òun ti jẹ ìyà rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí òun jẹ ẹran rẹ̀.

Nígbà yẹn, bí mọ́tò bá ń ṣàìsàn, ó máa ń sọ fún èèyàn. Á wúkọ́. Á rú èéfín dúdú. Irin inú rẹ̀ á máa lu ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ń gún elùbọ́. Àlàájì á tẹ́tí, á ní, "Òkè ló ti ń dùn ún," tàbí, "Bátìrì ni." Àìsàn tó wá ṣe é lẹ́yìn ikú Àlàájì kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn tí kò sọ̀rọ̀ ni, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé yìí ká. Kò tíì pẹ́ rárá, púpọ̀ nínú yín ti gbọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti Ìyá Kékeré yín.

Èmi ni ìyálé, òun ni ìyàwó. Ọjọ́ orí wa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé yìí, "Ìyálé mi" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ń pè é ní Ìyàwó. A ti darúgbó báyìí, a ò léyín dáadáa lẹ́nu mọ́, Ìyàwó náà ni mo ṣì ń pè é. Orogún ni wá, mi ò ní parọ́ fún yín pé a ò jà rí. Ahọ́n òun eyín ń jà, áḿbọ̀sìbọ́sí àwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn, tí Mọ́rúfù ọmọ mi ṣì ń mu ọmú, òun ló fún un lọ́mú pẹ̀lú Jímọ̀ tirẹ̀. Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí Àlàájì kú, àwọn ọmọ méjèèjì ló ń wa mọ́tò náà. Mọ́rúfù ń gbé e lọ sóko wa lọ́nà Afọ́n, á fi kó iṣu àti àgbàdo bọ̀. Jímọ̀ ń gbé e káàkiri ìgboro, á fi kó kẹ́ẹ̀gì òróró àti epo pupa lọ sí Ọjà Tuntun, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń tà. Kò sí ìjà, kò sí aáwọ̀.

Àfi ọjọ́ kan tí Mọ́rúfù ti oko dé lẹ́yìn tí a ti kírun alásárì tán, aṣọ rẹ̀ kún fún eruku. Ó ní mọ́tò kàn kú mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ni. Mo ní, "Ó wúkọ́?" Ó ní rárá. "Ó rú èéfín?" Ó ní rárá, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fìtílà pa ni. Ó ní òun wo epo, epo wà. Òun wo bátìrì, ó dára. Òun dúró, òun tún yí kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣíná bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. A ní oòrùn ni.

Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. A ní omi òjò ni. Ó tún ṣe é láàárọ̀ kùtù, kò sí òjò, kò sí oòrùn. A ò rí ohun tí a ó sọ.

Mọ́rúfù gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní àdúgbò Challenge. Wọ́n pààrọ̀ púlọ̀ọ̀gì. Wọ́n tú kabúrẹ́tọ̀, wọ́n fi epo fọ̀ ọ́. Wọ́n yọ pọ́ǹpù, wọ́n dá a padà. Mọ́tò ṣiṣẹ́ níwájú wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí, kò kú. Ọ̀gá mẹkáníìkì nuwọ́, ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ, kò sóhun tó ń ṣe é." Lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà Afọ́n ló tún kú sí. Wọ́n wá ẹnìkan tó ń fi kọ̀m̀pútà yẹ mọ́tò wò. Ọmọlúàbí ọkùnrin ni. Ó yí mọ́tò náà ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà, nígbà tí wọ́n ṣe mọ́tò yìí, kò tíì sí ibi tí à ń ki wáyà kọ̀m̀pútà bọ̀." Ó wá bẹ̀ wá kí òun ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó wá dojú ọ̀rọ̀ rú pátápátá nìyí. Mọ́rúfù rò pé bóyá epo ló ń kéré, ó wá ń rọ epo kún táǹkì dẹ́nu kó tó kúrò nílé. Ńṣe ló tún ń yá kú sí i! Jímọ̀ ń ra epo díẹ̀díẹ̀ ní tirẹ̀, èyí tí yóò gbé e dé ọjà kó sì gbé e bọ̀, kò sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹni tó yó ń dákú, ẹni tí ebi ń pa sì ń sáré? Mo jókòó síbí, mo rò ó títí, orí mi kún. Mo ní bóyá Àlàájì ni kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé mọ́tò òun lọ sọ́nà jíjìn. Mo tún ní, "A'ùsù bílàhì, òkú kì í di kọ́kọ́rọ́ mú." Ìyẹn náà ò fún mi ní ìsinmi.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni obìnrin àdúgbò wa kan ti rọra fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi. Ó ní, "Ìyá Mọ́rúfù, ẹ ò kíyè sí i ni? Ọwọ́ ẹnìkan ló ti ń kú, ọwọ́ ẹnìkan ni kì í kú." Mo ní, "Kí ló túmọ̀ sí?" Ó ní, "Èmi ò sọ nǹkan kan o." Ó bu másà sẹ́nu, ó dojú kọ ibòmíràn. Àwọn baba wa ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo lé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó lọ, ó padà wá. Mo ń kírun, ó wà níbẹ̀. Mo ń wo Ìyá Kékeré bó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ń bi ara mi pé, kí ló ń rò nínú?

Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ti lọ bá òun náà. Wọ́n ní Mọ́rúfù ló ń pa mọ́tò náà fúnra rẹ̀, pé ó fẹ́ kí a sọ pé ó ti bàjẹ́, kó lè gbé e lọ sóko kó sì sọ ọ́ di tirẹ̀, àti pé èmi ni mo kọ́ ọ. Bí ilé kan náà ṣe gbé irọ́ méjì nìyẹn, ọ̀kan nínú yàrá kan, ọ̀kan nínú èkejì. A ò jà. Ì bá sàn kí a jà. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tó bá se ọbẹ̀, kò bu tèmi wá mọ́. Nígbà tí mo bá ro ẹ̀kọ, mi ò rán ọmọ sí i mọ́. Tó bá kí mi pé, "Ìyálé mi, ẹ káàárọ̀," màá ní, "Káàárọ̀." Kò sí "ṣé dáadáa lo jí?" mọ́.

Báyìí la wà tí ìgbéyàwó Ràmátù fi dé. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ Jímọ̀, ọmọ-ọmọ Ìyá Kékeré. Afọ́n ni ọkọ rẹ̀ ti wá. Wọ́n so yìgì láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tó kan gbígbé ìyàwó lọ, Jímọ̀ ní kí a háyà mọ́tò tuntun tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ràmátù kọ̀. Ó ní, "Mọ́tò tó gbé màmá mi wọ ilé yìí ni yóò gbé mi jáde." A gbà fún un. Jímọ̀ ni bàbá ìyàwó, kò lè sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ, nítorí náà Mọ́rúfù ni yóò wà á. Àwa ìyá àgbà méjèèjì ni yóò sì sìn ín, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nílé yìí. Kí ọjọ́ náà lè dára, Mọ́rúfù lọ rọ epo kún táǹkì, ó kún débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàn.

Bọ́ọ̀sì àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ti ṣáájú. Àwa tẹ̀lé e. Èmi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn, Ìyá Kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Ràmátù wà láàárín nínú ìbòrí rẹ̀. A jáde nígboro, a kọjá àwọn ilé, a bọ́ sáàárín oko. Mo ní, "Àlùbáríkà ọjọ́ òní ni, kò ní kú." Ẹnu mi ò tíì pa dé tí mọ́tò fi dákẹ́. Kò gbọ̀n, kò ké. Ó kàn ń yí lọ bí kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró.

Mọ́rúfù sọ̀kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan wáyà kan, ó fọwọ́ kan òmíràn. Ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ṣíná, ó rìn díẹ̀, ó tún kú. Oòrùn ń mú. Bọ́ọ̀sì ti lọ, a ò rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ràmátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá Kékeré wá sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó dojú kọ gíláàsì, ó ní, "Ọmọ tèmi náà lẹ ṣe é sí lónìí."

Mo ní, "Kí lo sọ?"

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Mo ní, bí ìwọ bá fẹ́ mọ́tò yìí, ṣebí kí o sọ. Kí lo wá fi ọjọ́ ayọ̀ ọmọ mi ṣe?"

Ìwọ! Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọlé, kò pè mí ní ìwọ rí. Mo gbọ́ tí ohùn kan jáde lẹ́nu mi. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo mọ bí wọ́n ti ń di mọ́tò lójú ọ̀nà. Bi ara rẹ léèrè, ìwọ tí ọmọ rẹ ń wà á tí kò kú rí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ràmátù gbé ìbòrí kúrò lójú. Ó wò mí, ó wo ìyá bàbá rẹ̀, bí ẹni tó bá àjèjì méjì nínú mọ́tò. Ó rá kọjá lẹ́sẹ̀ mi, ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́bàá ọ̀nà nínú aṣọ ìyàwó rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Àwa náà sọ̀kalẹ̀, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú wa. Mo ń gbọ́ ẹyẹ nínú oko.

Mọ́rúfù, tó dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì, ó lọ sẹ́yìn mọ́tò. Ó ní kí òun wò ó bóyá omi wà nínú epo. Ó yí ọmọrí táǹkì. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, gbogbo wa ló gbọ́ ọ: "Fíííììì..." Bí ẹni pé ẹnìkan fa èémí sínú gùn-ún.

Ìyá Kékeré yíjú padà. Ó ní, "Mọ́rúfù, kí ló fọn yẹn?"

"Ọmọrí táǹkì ni, Ìyá Kékeré."

"Ó máa ń fọn bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti ra ọmọrí tuntun. Wọ́n jí ti àtijọ́. Ọmọrí àtijọ́ ò dé dáadáa, òórùn epo máa ń jáde lára rẹ̀. Èyí le dáadáa."

Ìyá Kékeré wo ọmọrí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kẹ́ẹ̀gì." Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu èmi náà nígbà tó sọ ọ́.

Ẹ ti bá Ìyá Kékeré da òróró rí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kún, tí ẹ sì dojú rẹ̀ kọlẹ̀, òróró á kọ́kọ́ yọ, á wá dúró, kẹ́ẹ̀gì á máa sún ìhà rẹ̀ wọnú. Àfi kí ẹ lu ihò sí i lókè kí atẹ́gùn lè wọlé, kí òróró tó lè ṣàn. Ọmọrí àtijọ́ ní ojú ihò tí mọ́tò fi ń mí. Ọmọrí tuntun kò ní. Mọ́tò ń fa epo, kò sí atẹ́gùn tí yóò gba ààyè epo tó jáde, títí táǹkì fi di epo mú, tí mọ́tò fi kú. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Láwọn ìgbà tó ti kú ṣáájú, Mọ́rúfù a máa ṣí táǹkì láti wo epo, á sì tún ṣíná. A ń rò pé ìsinmi ló ń wò ó sàn. Àwọn mẹkáníìkì ń ṣí i láti fa epo tí wọ́n fi ń fọ irin, kò lè kú níwájú wọn. Jímọ̀ ń ra epo díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣí i láàárọ̀, ó ń ṣí i lọ́sàn-án, ọ̀nà rẹ̀ ò sì jìn. Atẹ́gùn tó wà nínú táǹkì tí kò kún pọ̀ tó láti gbé e dé ọjà. Èyí tó kún dẹ́nu kò ní atẹ́gùn kankan. Mọ́rúfù ló ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Ó yé mi bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Bó bá ti dákẹ́, á tún dàrú mọ́ mi lójú.

Ó fi àkísà di ẹnu táǹkì láì fún un le, ó yí kọ́kọ́rọ́, a sì lọ. Mọ́tò ò kú mọ́ títí a fi dé. Kó lè dá a lójú, nígbà tí a ń bọ̀, ó dé ọmọrí náà pinpin. Ó kú láàárín ọ̀nà. Ó ṣí i, ó fọn, ó ṣíná. Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ní Afọ́n, wọ́n ti ń dààmú. Wọ́n sáré jáde, wọ́n bu omi tútù sí ìyàwó lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e wọlé. Ràmátù tún ti da ìbòrí bojú, mi ò rí ojú rẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní kan fún èmi àti Ìyá Kékeré, wọ́n gbé àwo kan síwájú wa. Kí ni wọ́n mọ̀? Ìyá méjì láti ilé kan náà ni wọ́n rí. A jẹun. Ó bu tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bu tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Oúnjẹ tó wà láàárín kù síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Jímọ̀ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ọmọrí náà. Òun àti Mọ́rúfù fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ń pe ara wọn ní dìndìnrìn. Mọ́tò ti sàn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò kú mọ́. Ṣùgbọ́n èmi àti Ìyá Kékeré, ta ni yóò lu ihò sí tiwa? Ó padà sí "ẹ" rẹ̀. Ó ń kí mi. Mò ń dá a lóhùn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mi ò mọ ibi tí màá ti mú un. Ta ni yóò bẹ ta? Ṣé kí n ní kó má bínú ni, àbí kí n ní mo bínú? Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló kó sí mi lórí, ṣé orí ọmọdé ni mo gbé kọ́rùn ni? Obìnrin tó fún ọmọ mi lọ́mú ni mo pè ní ẹni tó ń di mọ́tò. Nítorí ọmọrí! Bí ẹ bá bi mí títí di ọ̀la, mi ò lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí ẹní mi níwájú ilẹ̀kùn, mò ń ka tẹ̀súbáà. Ó wá dúró tì mí.

Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Èwo nínú rẹ̀?"

"Èyí tó jáde lẹ́nu mi."

Mo wo ojú rẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń béèrè ni, ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Ìyàwó. Èyí tó jáde lẹ́nu tèmi ńkọ́?"

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Ó jọ ohùn yín. Mo wá yíjú láti wò yín, mi ò rí yín níbẹ̀."

Mo ní, "Èmi náà wá mi, mi ò rí mi."

Ohun tó pa mọ́tò yé wa. Èyí tó ṣe àwa méjèèjì, kò yé e, kò yé mi, kò sì tíì yé mi títí di bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ mi tí mo nà gbọrọ sórí ẹní.

Ó ní, "Ẹ sún díẹ̀, Ìyálé mi."

Mo sún.